Koríko ìbílẹ̀ fún ẹwà iwájú ilé: èwo ló yẹ ní gbígbìn, báwo la sì ṣe ń tọ́jú rẹ̀?

Ewé Tútù

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, gbogbo ẹ̀yin olùtọ́jú ọgbà. Pápá koríko kúkúrú tí wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ gé ló wà níwájú ilé wa. Omi ló ń mu ṣáá, ẹ̀rọ kì í sinmi lórí rẹ̀, síbẹ̀ bí oòrùn bá ti mú fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, gbogbo rẹ̀ á gbẹ. A ti fẹnu kò nínú ilé pé a máa tú u. Koríko gíga tó máa ń yọ orí bí ìrùkẹ̀rẹ̀, tí atẹ́gùn á máa gbé síhìn-ín sọ́hùn-ún, ni mo fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀, mo sì fẹ́ kó jẹ́ ti ìbílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú ni pé gbogbo ibi tí mo ti lọ wo igi àti òdòdó, koríko kan náà ni wọ́n ń fi hàn mí, Pennisetum setaceum, orí rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ó sì lẹ́wà lóòótọ́. Ṣé ti ìbílẹ̀ ni àbí àjèjì? Báwo lẹ ṣe ń dá wọn mọ̀? Ilẹ̀ amọ̀ ni ilẹ̀ wa, oòrùn ń pa á láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àfi ẹ̀gbẹ́ kan tí igi ńlá ṣíji bò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Àgbà Ọgbà

Ewé Tútù, o káre láé. Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bi kó tó náwó lo bi yẹn.

Pennisetum setaceum tí wọ́n fi hàn ọ́, Cenchrus setaceus ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é báyìí. Tó o bá rí orúkọ méjèèjì, ọ̀kan náà ni. Àríwá àti ìlà-oòrùn Áfíríkà títí dé ilẹ̀ Lárúbáwá ló ti ṣẹ̀ wá. Tí ilé rẹ bá wà lágbègbè yẹn, ọmọ onílẹ̀ ni. Tí kò bá sí níbẹ̀, àjèjì ni, àjèjì tó lágídí sì ni, torí atẹ́gùn ló ń gbé irúgbìn rẹ̀ kiri. Ní Hawaii, ó ti hù bo orí òkúta dúdú tí òkè ayọnáyèéfín tú jáde, níbi tí ewéko kò ti pọ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì ti sọ ibẹ̀ di ibi tí iná ń rí jó. Lọ́dún 2017, Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi í sínú àkọsílẹ̀ àwọn ewéko àjèjì tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà tàbí gbìn.

Kò sí koríko tó jẹ́ ìbílẹ̀ níbi gbogbo. Wo Andropogon gayanus. Áfíríkà ni ilé rẹ̀, níbi tí ẹran ti ń jẹ ẹ́ tí kò sì ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Wọ́n gbé e lọ sí Ọsirélíà pé kí màlúù máa rí i jẹ, ó ga ju koríko ibẹ̀ lọ fíìfíì, iná rẹ̀ sì gbóná débi pé ó ń pa igi. Lọ́dún 2012 ni wọ́n kà á mọ́ àwọn èpò tó ń yọ gbogbo orílẹ̀-èdè náà lẹ́nu. Andropogon virginicus tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń gbìn sínú ọgbà níbẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú, òun náà ti di ẹrù ìnira ní Hawaii, ó sì ti wà nínú àkọsílẹ̀ Yúróòpù láti 2019. Ṣùgbọ́n Themeda triandra, onílẹ̀ ni ní Áfíríkà, ní Éṣíà àti ní Ọsirélíà.

Nítorí náà, má bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà pé "ṣé ìbílẹ̀ ni?" Bèèrè orúkọ rẹ̀ ní èdè Látìn, kó o kọ ọ́ sílẹ̀, kó o wá lọ wò ó bóyá orúkọ yẹn wà nínú àkọsílẹ̀ ewéko agbègbè rẹ. Ọgbà ìwádìí ewéko àti yunifásítì tó bá wà nítòsí rẹ sábà máa ń ní àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, lọ wo ilẹ̀ tí wọn kò tíì ro rí: etí odò, ẹ̀gbẹ́ òkè olókùúta, àárín ibi ìsìnkú àtijọ́. Èyí tó bá ń dá dúró níbẹ̀ láìsí ẹni tó ń bomi rin ín, á dúró lọ́dọ̀ rẹ náà.

Ọ̀rẹ́ Ẹyẹ

Mo fara mọ́ ohun tí Àgbà sọ. Kí n fi èyí kún un: ẹ má lọ wú koríko nínú igbó o. Irúgbìn ni kẹ́ ẹ mú, ìwọ̀nba díẹ̀ lára orí bíi mélòó kan, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀. Ìyókù, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ẹyẹ àti fún ilẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìtàkùn

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ohun kan wà tí mo rí i pé a kò tíì dárúkọ, lójú tèmi ó tó ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀: bí koríko ṣe ń gbilẹ̀.

Àwọn kan máa ń dì jọ lójú kan. Wọ́n á máa sanra díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, àmọ́ ibi tó o bá gbìn wọ́n sí lo máa bá wọn. Àwọn mìíràn ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n á wọlé síhìn-ín, wọ́n á yọrí lọ́hùn-ún, àárín òdòdó rẹ ni. Ẹ̀kan ni àpẹẹrẹ tó yé gbogbo wa jù. Tó o bá fi ọkọ́ la ẹ̀gbẹ́ ẹ̀kan, wàá rí okùn funfun tó ní oríkèé-oríkèé, èèpo bí ìpẹ́ bò ó, orí rẹ̀ sì mú ṣóńṣó débi pé ó lè gún gbòǹgbò ewéko mìíràn kọjá sí òdì kejì. Ègé kékeré tó bá já sínú ilẹ̀, á tún hù. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ń ta irú ẹ̀kan kan fún ẹ̀ṣọ́ ọgbà, Imperata cylindrica 'Red Baron', ewé rẹ̀ pupa, ó wuyì. Àmọ́ ó lè padà di ewé tútù, tó bá sì padà, ẹ̀kan gidi ló dà yẹn. Ibi yòówù kí ilé rẹ wà, ì báà jẹ́ ibi tí ẹ̀kan ti jẹ́ onílẹ̀, má gbé e wọ ọgbà kékeré.

Eèsún náà bẹ́ẹ̀. Onílẹ̀ ni ní Áfíríkà olóoru, mi ò sì ní gbà ẹnikẹ́ni níyànjú láti gbìn ín síwájú ilé, torí ó ń ga ju ènìyàn lọ, etí ewé rẹ̀ ń ya ara, igbó ni ìwọ̀n rẹ̀.

Kó o tó sanwó, yọ ọ́ nínú ìkòkò, kó o wo ìdí rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọ̀mùnú tuntun ń yọ mọ́ ara ìyá wọn pẹ́kípẹ́ki, eléyìí tó ń dì jọ ni. Tó o bá rí okùn tó ń yí ìkòkò po tó ń wá ọ̀nà àtijáde, dá a padà.

Ewé Tútù

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé púpọ̀. Ojú mi ti ń là. Mo ti rí mẹ́ta tó ń dì jọ tó sì jẹ́ onílẹ̀ lágbègbè wa, mo ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́wọ́. Mo ti ní ajílẹ̀ nílẹ̀, àpò ńlá. Ṣé kí n dà á sí ilẹ̀ amọ̀ yìí dáadáa kí n tó gbìn wọ́n? Àti pé ọjọ́ mélòó mélòó ni kí n máa bomi rin wọ́n?

Àgbà Ọgbà

Rárá o, ọmọ mi. Pa ajílẹ̀ yẹn mọ́ fún ẹ̀fọ́.

Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbà gbọ́ títí wọ́n á fi rí i. Koríko ìbílẹ̀ tó mọ ilẹ̀ líle, tó o bá fún un ní ọ̀rá ilẹ̀ jù, á yára ga, igi rẹ̀ á rọ̀, orí á wúwo, òjò ńlá kan ṣoṣo á sì tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ látàárín. Schizachyrium scoparium ti àwọn ará Amẹ́ríkà jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára. Lórí ilẹ̀ tálákà tí omi ń jò kọjá, ó ń dúró ṣánṣán, ó ga tó 60 sí 120 sẹ̀ǹtímítà, tí òtútù bá sì dé, ó ń pọ́n bí bàbà. Gbé e lọ sí ilẹ̀ ọlọ́ràá tó tutù, á máa sùn sílẹ̀ káàkiri. Ajílẹ̀ tún ń jí èpò dìde, èpò sì máa ń yára ju koríko rẹ lọ lọ́dún àkọ́kọ́.

Ní ti ilẹ̀ amọ̀, wá èyí tí kò bínú sí i. Panicum virgatum tí wọ́n ń gbìn ní Amẹ́ríkà máa ń fara da ilẹ̀ amọ̀ àti ilẹ̀ tí omi ń dúró lé fúngbà díẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí agbègbè rẹ ní èyí tó ní irú ìwà bẹ́ẹ̀. Má wa ihò kó o da iyanrìn sínú rẹ̀, omi á kàn máa gbára jọ sínú ihò náà ni. Fi ọkọ́ tú ilẹ̀ gbogbo ojú ibẹ̀, kó o gbìn ín kí ibi tí ewé àti gbòǹgbò ti pàdé wà ní ojú ilẹ̀ gan-an. Tó bá wọlẹ̀ jù, ó máa jẹrà. Tó bá yọ sókè jù, ó máa gbẹ.

Omi: lọ́dún àkọ́kọ́, má ka ọjọ́. Ti ìka rẹ bọlẹ̀, tó bá gbẹ dé oríkèé kejì, bomi rin ín púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan kó rin wọlẹ̀, kó o sì fi sílẹ̀ títí á tún fi gbẹ. Omi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ń kọ́ gbòǹgbò ní ọ̀lẹ, òkè ló máa dúró sí. Nígbà tí gbòǹgbò bá ti wọlé tán, òjò á tó o, àfi bí ọ̀dá bá le jù. Gbòǹgbò Panicum virgatum lè wọlẹ̀ tó mítà 3. Fi wé pápá koríko kúkúrú rẹ tí ọ̀pọ̀ gbòǹgbò rẹ̀ kò kọjá ìbú àtẹ́lẹwọ́, wàá mọ ìdí tó fi ń gbẹ.

Má sì jẹ́ kí ọkàn rẹ dàrú tó o bá wò ó lọ́dún kìn-ín-ní tó o rí ewé bíi mélòó kan péré. Abẹ́ ilẹ̀ ló ń kọ́lé sí.

Olùṣọ́lé

Ẹ má bínú o, èmi ní ìbẹ̀rù tèmi. Koríko gíga níwájú ilé! Ejò ńkọ́? Eku ńkọ́? Àwọn aládùúgbò á ní a sọ iwájú ilé di igbó. Mi ò sọ pé kò dára, ṣùgbọ́n mo ní ọmọdé nínú ilé.

Ọ̀rẹ́ Ẹyẹ

Olùṣọ́lé, ìbẹ̀rù yín tọ̀nà, mi ò ní fi ọwọ́ rọ́ ọ tì. Eku ń tẹ̀lé oúnjẹ àti ibi ìsápamọ́, ejò ń tẹ̀lé eku. Tí kò bá sí ìdọ̀tí oúnjẹ, tí kò sí òkìtì igi àti páànù àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ohun tó ń pè wọ́n ti dín kù gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ má gbin koríko gíga mọ́ ara ògiri. Ẹ fi bíi mítà kan ààbọ̀ sílẹ̀ láàárín, kẹ́ ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ síbẹ̀. Òfo yẹn máa ń jẹ́ kí ojú ríran, ó tún ń dáàbò bo ilé lọ́wọ́ iná ní àsìkò tí ewé bá gbẹ. Ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré, ẹ jẹ́ kí koríko ibẹ̀ kúrú. Kò pọn dandan kí gbogbo iwájú ilé jẹ́ koríko gíga.

Ní ti ọ̀rọ̀ aládùúgbò, ohun tí mo rí ni pé gíga kọ́ ló ń mú kí wọ́n pè é ní igbó. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tí kò bá hàn pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ gbìn ín ni. Ẹ fa etí rẹ̀ gún régé, ẹ jẹ́ kí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé mọ́ tónítóní, kẹ́ ẹ sì gbin irú kan náà pọ̀ lójú kan dípò ọ̀kọ̀ọ̀kan káàkiri. Èyí tó ga jù á wà lẹ́yìn, èyí tí kò ju orúnkún lọ á wà níwájú. Lójú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ tí wọ́n sọ di ọgbà ní New York, High Line, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2009, koríko ló pọ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ń fi sílẹ̀ kó gbẹ sórí ìdúró ní gbogbo ìgbà òtútù, àwọn èèyàn sì ń rọ́ lọ wò ó.

Èmi, tìtorí ẹyẹ ni mo fi ń gbìn ín. Àwọn ẹyẹ kéékèèké máa ń bà sórí igi koríko, ìwúwo wọn á tẹ̀ ẹ́ wá sílẹ̀, wọ́n á wá dúró lórí ilẹ̀ máa tu irúgbìn orí rẹ̀ jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn ń fi ẹnu ya etí ewé gbọọrọ láti fi kọ́ ìtẹ́. Àwọn labalábá kan sì wà tí koríko nìkan ni ìdin wọn ń jẹ, kì í sì í ṣe koríko àjèjì. Tẹ́ ẹ bá rí ewé tí wọ́n ká tí wọ́n fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ ran pọ̀, ẹ fi sílẹ̀, ọmọ wà nínú ilé. Ẹ má fọ́n oògùn apakòkòrò sí i.

Ìmí Dídùn

Ọkọ mi máa ń sín, ojú ń yún un ní gbogbo àsìkò tí koríko bá ń tanná. Ṣé ká kúkú gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí ni?

Ìtàkùn

Ẹ má tíì gbàgbé, ṣùgbọ́n ẹ fi ọgbọ́n ṣe é. Atẹ́gùn ló ń bá koríko gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń dé imú. Ẹ gbìn ín jìnnà sí fèrèsé yàrá ibùsùn, kẹ́ ẹ yan èyí tó ń tanná fúngbà díẹ̀, kẹ́ ẹ sì ti fèrèsé ní àsìkò yẹn. Tó bá jẹ́ pé ó ń le débi tí kò fi lè mí dáadáa, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó gbin ohunkóhun. Ewéko mìíràn tí kòkòrò ń bá gbé lẹ́búlẹ́bú wà tó lè rọ́pò.

Ewé Tútù

Ìgbà wo la máa ń gé e? Mo ti rí ẹni tó ń dáná sun tiẹ̀.

Àgbà Ọgbà

Má dáná sun ún nítòsí ilé, láéláé.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ti tó. Kó o tó gbé ohun èlò, mọ irú èyí tó o ní. Àwọn kan ń dàgbà nígbà ooru, nǹkan bíi ìwọ̀n 27 sí 35 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì ló bá wọn lára mu. Wọ́n á gbẹ pátápátá nígbà ìsinmi wọn. Àwọn yẹn, gé wọn sílẹ̀ kó ku sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, díẹ̀ ṣáájú kí ọ̀mùnú tuntun tó yọ. Má gé wọn nígbà tí wọ́n bá kàn gbẹ tán. Ẹ̀ka gbígbẹ yẹn ń dáàbò bo àárín ìdí, àwọn kòkòrò rere sì ń sùn sínú rẹ̀. Àwọn mìíràn fẹ́ràn ìtutù, bíi Deschampsia cespitosa, wọn kì í sì í gbẹ tán. Ìdá kan nínú mẹ́ta òkè ni kó o gé lára wọn, tàbí kó o kàn fi ọwọ́ ya ewé gbígbẹ kúrò láàárín. Tó o bá gé wọn kanlẹ̀, wọ́n lè kú.

Bá a ṣe ń gé e: wọ ìbọ̀wọ́ àti aṣọ alápá gígùn, torí etí ewé ń géni láìjẹ́ kéèyàn mọ̀. Mú okùn, di koríko náà láàárín pinpin bí ẹni di ìdì igi, kó o tún fi okùn kejì dì í sókè díẹ̀. Gbọn ìdí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ohun tó bá wà níbẹ̀ lè sá jáde, wo inú rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà, fi dòjé tàbí ọ̀bẹ ẹléyín gé e ní ìsàlẹ̀ okùn, wàá sì gbé odindi rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìtú ká. Já a wẹ́wẹ́, fi bo ilẹ̀ láàárín àwọn yòókù, àmọ́ má jẹ́ kó kan ọrùn wọn.

Tí ìdí bá ti di òrùka, tí àárín kú tí etí sì ń hù, ó ti tó àsìkò láti pín in nìyẹn. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Wa gbogbo rẹ̀, fi ayùn tàbí àáké là á sí mẹ́rin, ju àárín tó kú nù, tún etí rẹ̀ gbìn. Èyí tó ń dàgbà nígbà ooru, ìbẹ̀rẹ̀ ìdàgbà ni kó o pín in, kì í ṣe ìgbà tó bá ń múra àtisùn.

Ìtàkùn

Ẹ̀gbẹ́ tí igi ṣíji bò yẹn ńkọ́, Ewé Tútù? Ọ̀pọ̀ koríko á máa na ọrùn wá oòrùn níbẹ̀, wọ́n á sì ṣubú. Wá lábẹ́lábẹ́ tàbí àwọn ẹbí rẹ̀ tí kò ga, irú Carex, tó jẹ́ onílẹ̀ lágbègbè rẹ. Yí igi tó gbé orí ewéko náà ró láàárín ìka méjì: ti ẹbí yẹn sábà máa ń ní igun mẹ́ta, ti koríko gidi máa ń rí róbótó, ó sì ní oríkèé. Púpọ̀ nínú wọn fara da òjìji àti ilẹ̀ tútù.

Ewé Tútù

Ètò mi rèé o. Ibi tí oòrùn ń pa jẹ́ mítà 6 ní gígùn, mítà 4 ní ìbú. Gíga ẹyọ kan níbẹ̀ á tó mítà kan tó bá dàgbà. Mo fẹ́ fi sẹ̀ǹtímítà 30 sáàárín kí ó lè yára dí. Abẹ́ igi, Carex. Mítà kan ààbọ̀ òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́bàá ògiri. Ajílẹ̀ ti lọ sí ẹ̀fọ́.

Àgbà Ọgbà

Gbogbo rẹ̀ dára, àfi 30 yẹn. Ó há jù. Koríko tó máa ga tó mítà kan nílò bíi 75 sẹ̀ǹtímítà láàárín ẹyọ kan sí èkejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á fún ara wọn pa, wàá sì máa wú wọn lọ́dún kẹta. Pẹ̀lú 75, bíi 42 ló máa gba ilẹ̀ náà, owó rẹ á sì dín kù gan-an sí ohun tó o ti ṣírò.

Àlàfo á wà lọ́dún àkọ́kọ́, mo mọ̀ pé yóò wù ọ́ láti dí i. Fi ewé gbígbẹ bo ilẹ̀ níbẹ̀, tàbí kó o gbin òdòdó ìbílẹ̀ tí kì í lò ju ọdún kan lọ. Kan èèkàn kékeré mọ́ ìdí koríko kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tó o bá gbìn ín, torí ọmọ koríko àti ọmọ èpò jọ ara wọn gan-an. Ohun tó bá hù tí kò sí lẹ́bàá èèkàn, fà á tu nígbà tó ṣì kéré.

Ewé Tútù

Ó ti di 75. Mo ń lọ gé èèkàn.